Sèfíyátù Wá Ọkọ Rẹ̀ Dé Ṣọ́ọ̀bù Sàbítù

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan ni, ní àdúgbò Dar-es-Salam nílùú Bouaké, lásìkò tí àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ ń ṣàkóso ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí ẹni tó yẹ kó wá gba owó iná mọ̀nàmọ́ná. Sàbítù jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń da orin sínú káàdì fóònù fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́. Sèfíyátù, opó tó ń ta àlùbọ́sà lọ́jà, wọlé, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó sì tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Káàdì yín dà?"

"Mi ò mú káàdì wá. Ọkọ mi ni mo wá mú lọ sílé."

Sàbítù wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ, kò sí ibi tí àgbàlagbà lè fara pamọ́ sí.

"Wọn ò wá síbí, Màmá."

"Wọ́n wá. Ìwọ lo gbà wọ́n wọlé."

"Kí ni orúkọ wọn?"

"Àmúdà. Àwọn tí ń ta agídìgbo nínú ẹgbẹ́ Misbaudeen."

Sàbítù na ọwọ́, ó rẹ orin tó ń dún sílẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí Àmúdà ti kú. Sàbítù alára wà lára àwọn tó kírun sí i lára, òun ló tún gbé agboòrùn lé ìmáàmù lórí lọ́jọ́ náà. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ obìnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun lónìí?"

"Mo jẹ àtíẹ́kẹ́."

"Ṣé ẹ sùn dáadáa lánàá?"

"Mo sùn."

"Nàfísátù ọmọ yín ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ jáde?"

"Ó mọ̀. Ó ní kí n má pẹ́, pé bí mo bá ti rí wọn kí a tètè máa bọ̀."

Sàbítù ronú pé wèrè ìyá ti ran ọmọ náà. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

"Màmá, ẹ má bínú. Bàbá ti jáde láyé."

"Èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú títí ó fi tutù, Sàbítù. Kì í ṣe ìròyìn ni mo wá gbọ́ lọ́dọ̀ rẹ. Mo ní wọ́n wà nínú orin, ìwọ lo sì yọ wọ́n kúrò níbẹ̀."

Ó wá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún un. Ọdún kan ṣáájú ikú Àmúdà ni ẹgbẹ́ alápàlà Misbaudeen, ọkùnrin mẹ́jọ, ṣe àwo orin kan. Nígbà tí àwo náà jáde, olúkúlùkù gba páálí tirẹ̀ lọ tà. Ti Àmúdà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ nílé Tàjúdínì, wọ́n sì ń gbọ́ orin náà láti inú káàdì tí wọ́n rà lọ́wọ́ Sàbítù. Mounira, ọmọ Nàfísátù, ọmọ ọdún márùn-ún tí kò rántí bàbá àgbà rẹ̀ rárá, bi Sèfíyátù pé èwo ni ti bàbá àgbà nínú gbogbo ohun tó ń dún wọ̀nyí.

"Mo ní kó jókòó, kó dúró de agídìgbo. A jókòó. Misbaudeen bẹ̀rẹ̀, a ò rí wọn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé, a ò rí wọn. Ọmọ náà dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, 'Ìyá àgbà, ṣé wọ́n ń bọ̀?' Mo ní wọ́n ń bọ̀. Ibẹ̀ la wà tí orin kúpé-dékàlé àwọn ọ̀dọ́ fi bẹ̀rẹ̀."

"Wọn ò dé?"

"Wọn ò dé. Ọmọ náà ní bóyá ọ̀nà ló jìn."

Ọkàn Sàbítù balẹ̀. Orí obìnrin náà pé, ọ̀rọ̀ orin ni, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ orin tó òun láti Bouaké dé Sakassou. Ó ti lo ọdún mẹ́rin ní lísè kí ogun tó ti ilé ìwé pa, láti ìgbà náà ló sì ti ń wá ẹni tí yóò ṣàlàyé nǹkan fún.

"Kàlìté ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yìí, Màmá, bí orin ṣe dára sí. Orin inú síídì wúwo, káàdì fóònù sì kéré. Kọ̀ǹpútà á wá yọ gbogbo ohun tí etí ènìyàn kì í gbọ́ kúrò, kí orin lè fúyẹ́."

"Etí ta ni?"

"Etí gbogbo ènìyàn. Àwọn òyìnbó ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn etí."

"Ìgbà wo ni wọ́n dé Bouaké?"

"Wọn ò dé Bouaké."

"Etí ta ni wọ́n wá wọ̀n?"

"Etí ara wọn, ní ilé ìwádìí wọn."

"Kò burú. Etí wọn kò gbọ́ ọkọ mi, kò yà mí lẹ́nu, wọn ò mọ ará Dar-es-Salam kankan. Ìwọ ńkọ́, tí o ń kí wọn láràárọ̀?"

Sàbítù ní kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan orin náà. Ange tó ń dín dòdò ní gáréèjì ló fún òun. Ange gbà á lára fóònù awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Sakassou. Awakọ̀ gbà á lọ́wọ́ ṣọ́jà kan ní bàráàjì, ibi tí wọ́n ti fi igi dá ọ̀nà dúró. Olúkúlùkù wọn ló sì tún un ṣe kó lè wọ fóònù tirẹ̀. Nígbà tó fi dé ọwọ́ òun, orin náà ti rù.

"Gbogbo ẹni tó gbà wọ́n ló gé díẹ̀ lára wọn," ni Sèfíyátù wí.

"Díẹ̀díẹ̀ ni, Màmá. Èèyàn ò lè tètè mọ̀."

"Bí àìsàn tó pa wọ́n náà ṣe ṣe wọ́n nìyẹn."

Sàbítù mú aṣọ kan, ó nu ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò sí eruku níbẹ̀.

Sèfíyátù ní òun mọ ibi tí ṣọ́jà ti rí tirẹ̀. Abidjan ni wọ́n ti tẹ àwo náà, Àmúdà ló sì lọ kó o wá. Ní bàráàjì, àwọn ṣọ́jà ní àwọn gbọ́dọ̀ yẹ ẹrù wò. Wọ́n mú síídì mẹ́wàá láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò sì tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán títí di òní.

"Nínú gbogbo Bouaké, bí a bá yọ àwa ẹgbẹ́ kúrò, ṣọ́jà nìkan ló ní ojúlówó rẹ̀ nílé. Àwọn náà ò sì rà á."

"Kò sí ẹni tó ń ra àwo mọ́, Màmá. Ayé ti yí. Ẹgbẹ̀rún méjì faranki lẹ fẹ́ gbà lórí síídì kan, orin méjì ló wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ mi, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta faranki ni igba orin. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyọ kan, ọgọ́rùn-ún."

"Igba orin. Ta ló ráyè gbọ́ igba orin?"

"Wọn kì í gbọ́ ọ, Màmá. Wọ́n kàn ń ní in ni."

Sèfíyátù ronú sí ìyẹn díẹ̀. Ó jọ pé ó bá a lára mu, torí àwọn páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ náà, ó kàn ń ní wọn ni.

"Mélòó lẹ ti tà láti ọdún mẹ́ta yìí?" Sàbítù bi í.

"Méjì."

"Ta ló rà á?"

"Misbaudeen ra ọ̀kan. Òun ló kọrin, ojú ń tì í. Èmi ra ìkejì."

"Ẹ ra ọjà yín lọ́wọ́ ara yín?"

"Mo fi ṣe àkọ́tà ni."

"Ṣé ẹ ná an?"

"Mo ná an. Mi ò dín in kù."

Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ síídì kan tó fi ọ̀rá wé, ó sì gbé e ka orí tábìlì. Sàbítù fi ìka méjì gbé e. Ó ti ta orin yìí fún ènìyàn tí kò níye, kò sì tíì fojú kan àwo rẹ̀ rí. Àwọn ọkùnrin inú àwòrán náà wọ agbádá funfun, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó kà wọ́n.

"Mẹ́jọ lẹ pè wọ́n, Màmá. Méje ni mo rí. Ọwọ́ ta sì ni èyí tó wà létí níbí?"

"Ọwọ́ ọkọ mi ni. Àwòrán ò gbà wọ́n."

Sàbítù fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ̀rọ àwòrán ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó wo ojú obìnrin náà, ó sì fi síídì sínú kọ̀ǹpútà. Ó so ó mọ́ sípíkà ńlá tó fi ń yá àwọn onígbèéyàwó. Sèfíyátù gbé bẹ́ǹṣì sún mọ́ sípíkà náà, ó jókòó bí ẹni tó wọ ọkọ̀.

"Ẹ wò ó, Màmá, orin ọ̀hún nìyí. Tó bá di ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó parí. Ibẹ̀ ni mo ti gé e. Ohun tó wà lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe orin."

"Kí ni?"

"Mo rò pé wọ́n gbàgbé láti pa ẹ̀rọ ni. Àwọn yòókù ti dákẹ́, ẹnì kan wá jókòó síbẹ̀, ó kàn ń fọwọ́ ta nǹkan."

"Ẹni náà ni."

Bouaké ni wọ́n bí Sàbítù sí, orin tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Bí akọrin bá ti dákẹ́, ó parí nìyẹn, kálukú á dìde. Ti àwọn Misbaudeen kò rí bẹ́ẹ̀. Bí akọrin bá dákẹ́, tí gbogbo ìlù sọ̀ kalẹ̀, tó wá ku agídìgbo nìkan, ìgbà yẹn ni àwọn àgbà máa ń rọra jókòó dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni pé lórí agídìgbo yẹn ni akọrin máa ń padà wá dé, tí yóò wá máa kí àwọn tó dúró tì wọ́n, ilé sí ilé, ní orúkọ wọn. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ jókòó láti àárọ̀ nìyẹn. Sàbítù ti gé e dànù láìgbọ́ ọ tán, bí ẹni gé etí aṣọ.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá pé. Misbaudeen dákẹ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dákẹ́. Agídìgbo wá kù. Ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ń rìn, kò kánjú. Ife tíì tó wà lórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Wọ́n dé," ni Sèfíyátù wí.

Nígbà tó ṣe, ẹnì kan wúkọ́ láàárín orin.

"Ta nìyẹn?"

"Àwọn náà ni. Ó ti mú wọn nígbà yẹn, a ò mọ̀ pé ó le."

"Mo lè bá yín yọ ikọ́ yẹn kúrò. Kò le rárá."

Sèfíyátù yí ojú sí i, ó kàn ń wò ó. Sàbítù ká ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Misbaudeen padà wọlé. Ó kí Tàjúdínì àti ará ilé rẹ̀. Ó kí Oṣùọlálé tó ń ta pákó. Lẹ́yìn náà ni ó kí Àmọ̀sù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí kò sí nílé mọ́ ṣùgbọ́n tí ilé kò gbàgbé, bàbá Sàbítù tó mọ ìwé Faransé bí ẹni mu omi.

Sàbítù dá orin dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ ní Bouaké ni bàbá rẹ̀ ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọn kò sì tíì fojú kan ara wọn láti ìgbà náà. Orí fóònù ni wọ́n ti ń pàdé, owó fóònù sì máa ń tán kí bàbá tó dé ibi àdúrà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un gbọ́."

"Ìwọ lo ni ẹ̀rọ."

Ó tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà kẹrin, ògiri ló kọjú sí.

"Bàbá mi wà nínú rẹ̀."

"Wọ́n wà níbẹ̀. Ojú kan náà lo ti gé àwọn méjèèjì."

"Mi ò mọ̀."

"Káàdì mélòó lo ti da orin yìí sí?"

Sàbítù gbìyànjú láti rò ó. Ó rántí àwọn ará Dar-es-Salam, ó rántí àwọn ará ọjà, ó rántí gbogbo ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Marabadiassa.

"Ó pọ̀, Màmá."

"Gbogbo Marabadiassa ni kò mọ̀ pé o ní bàbá."

Sàbítù fọwọ́ pa àpò síídì náà, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Ó ní òun máa rà á. Ó béèrè iye tó jẹ́, bí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí.

"Ẹgbẹ̀rún méjì."

"Ó wọ́n, Màmá."

"Bó bá wọ́n, ọkùnrin kan wà ní àdúgbò yìí tó ń jẹ́ Sàbítù. Ọgọ́rùn-ún faranki ni tiẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"Èèyàn dáadáa ni. Bàbá rẹ nìkan ni kò sí nínú tiẹ̀."

Sàbítù mú ẹgbẹ̀rún méjì jáde. Sèfíyátù gbà á, ó dì í mọ́ ìdí aṣọ, ó sì ṣàdúrà ọjà fún un bí ó ti yẹ. Ó ní kí ó máa yangàn lọ, òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Bouaké tó ra àwo náà láìṣe pé ó wà nínú ẹgbẹ́ tàbí pé ó jẹ́ aya wọn. Kò dìde.

"Bàbá rẹ ti padà sọ́wọ́ rẹ. Ó ku ọkọ mi."

Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀. Sàbítù ní orin náà, bí kò bá gé e, tí kò sì jẹ́ kó rù, á gba ààyè orin mẹ́wàá nínú káàdì kan. Sèfíyátù ní kí ó yọ mẹ́wàá mìíràn. Sàbítù ní àwọn ọmọ ìlú á bínú, kúpé-dékàlé ni wọ́n ń wá rà.

"Yọ kúpé-dékàlé mẹ́wàá."

"Àwọn wo nínú wọn?"

"Àwọn tí etí ènìyàn kì í gbọ́."

Ó tó ìgbà díẹ̀ tí wọ́n fi ń fà á. Sàbítù ní kí àwọn pín in sí méjì, kí ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó ní agídìgbo rà á, kí ẹni tó bá fẹ́ èyí tí kò ní in san owó tó kéré. Sèfíyátù bi í pé èwo ni yóò fi bàbá tirẹ̀ sí. Sàbítù pa èyí tó ti gé tẹ́lẹ̀ rẹ́ lójú obìnrin náà, ó sì ṣèlérí pé láti òní lọ, gbogbo ẹni tó bá gbé káàdì wá á gba orin náà lódindi, bó béèrè rẹ̀, bí kò béèrè rẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n mú Mounira wá lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, òun á gbé e jókòó síwájú sípíkà ńlá, á sì gbọ́ bàbá àgbà rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Ikọ́ ńkọ́?"

"Ikọ́ wà níbẹ̀, Màmá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da orin náà kọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń rìn lójú kọ̀ǹpútà, ó lọ́ra. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo omi orí iná. Nígbà tó dé ìdajì, Sàbítù họ orí. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti dákẹ́.

"Màmá, mo fẹ́ sọ òtítọ́ kan fún yín kí ẹ tó lọ."

"Sọ ọ́."

"Mounira á gbọ́ wọn níbí, ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n fóònù tí àwọn ènìyàn ń lò, ihò tí ohùn ń gbà jáde lára rẹ̀ kò ju èékánná lọ. Ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti agídìgbo kì í lè gba ibẹ̀ kọjá. Bàbá á wà nínú káàdì lóòótọ́, wọ́n á gba ààyè wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ò ní gbọ́ wọn."

Sèfíyátù dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì wé ìborùn rẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n wà láyé náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò gbọ́ wọn, ariwo àwọn yòókù ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ìrẹsì òde bá dé, ẹnikẹ́ni kì í fo abọ́ wọn. Bu tiwọn sínú káàdì."